Orin Yorùbá Lórí Ìwé: Ohun Tí Kíkọ Orin Sílẹ̀ àti Kíkọ́ni Ti Fi Yé Mi

Mi ò tíì rí ẹni tó ń jẹun nílẹ̀ Yorùbá nípa kíkọ orin àkọsílẹ̀ nìkan. Ìyẹn ni mo máa ń fẹ́ kí ẹni tó bá fẹ́ wọ iṣẹ́ yìí kọ́kọ́ gbọ́, kó tó náwó sórí kọ̀ǹpútà tàbí ìwé. Ẹ wo àwọn tó là á sílẹ̀. Thomas Ẹkúndayọ̀ Phillips jẹ́ atẹdùùrù àti ọ̀gá akọrin ní Kàtídírà Church of Christ, ní Marina, Èkó, láti 1914 títí di 1962. Iṣẹ́ ìjọ ló gbé e ró, ohun tí kúáyà rẹ̀ nílò ló sì kọ. Fẹlá Ṣówándé, tó ti kọrin nínú kúáyà Phillips nígbà tó wà lọ́mọdé, lọ sí Lọ́ńdọ̀nù láàárín ọdún 1930 sí 1940. Jáàsì ló fi ń jẹun níbẹ̀, kó tó di atẹdùùrù Kingsway Hall, ilé ìjọsìn kan níbẹ̀. Nígbà tó padà wálé, rédíò ìjọba ló gbà á, lẹ́yìn náà ó kọ́ni ní yunifásítì, nílé àti ní Amẹ́ríkà, níbi tó kú sí ní 1987. Ayọ̀ Bánkọ́lé kàwé ní Guildhall àti Cambridge, ó ṣiṣẹ́ ní NBC, ilé iṣẹ́ rédíò ìjọba Nàìjíríà, ó sì kọ́ni ní Yunifásítì Èkó láti 1969 títí ó fi di olóògbé ní 1976. Akin Euba, tí wọ́n bí ní Èkó ní 1935, gba Trinity College ní Lọ́ńdọ̀nù kọjá. Ó ṣiṣẹ́ rédíò, ó kọ́ni ní Ifẹ̀ àti Èkó, ó lọ ṣèwádìí ní Bayreuth ní Jámánì, ó sì jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n ní Pittsburgh láti 1993 títí di 2011. Ní 2020 ló kú.

Ìjọ, rédíò, yunifásítì. Nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, rédíò ti fẹ́rẹ̀ẹ́ yọwọ́ pátápátá: àwọn ilé iṣẹ́ rédíò wa kò gba ẹni tó máa kọ orin tuntun fún wọn mọ́, orin tí wọ́n ti gbà sílẹ̀ ni wọ́n ń lù. Ó wá ku ìjọ àti ilé ẹ̀kọ́, àti ibi díẹ̀ bíi MUSON Centre, ibùdó orin tó wà ní Oníkan, Èkó. Iṣẹ́ olùkọ́ ni iṣẹ́ yìí, orin kíkọ sì wà nínú rẹ̀. Ẹni tí kò bá fẹ́ràn àtikọ́ ènìyàn, kó tètè wá nǹkan mìíràn ṣe.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ń tẹnu mọ́ ọn pé kí ènìyàn kọ orin fún àwọn tó wà níwájú rẹ̀. Kúáyà ìjọ tó ní ènìyàn 24 lè ní treble (ohùn tó ga jù) 11, alto (èyí tó tẹ̀ lé e) 7, bass (ohùn ọkùnrin tó rẹlẹ̀) 4, kí tenor (ohùn ọkùnrin tó ga) sì jẹ́ 2 péré. Bí o bá kọ ohùn tenor tó dá dúró fún irú kúáyà bẹ́ẹ̀, ọjọ́ tí ọ̀kan nínú àwọn méjèèjì bá rìnrìn-àjò ni orin náà fọ́. Apá mẹ́ta ló yẹ kí o kọ: treble, alto, àti ohùn ọkùnrin kan ṣoṣo tí kò kọjá láti C ìsàlẹ̀ dé D tó tẹ̀lé C àárín. Kí treble máa rìn láàárín C àárín àti F òkè. G lè wọlé lẹ́ẹ̀kan tàbí lẹ́ẹ̀mejì, ṣùgbọ́n má gbé e lé orí fáwẹ́lì i tàbí u tó gùn, nítorí ọ̀fun á há, ohùn á sì gun òkè jù. A àti ọ ló rọrùn jù lórí ohùn gíga.

Ká wá sórí ọ̀rọ̀ orin, ibi tí iṣẹ́ náà ti wúwo jù. Mi ò ní jókòó ti píánò kí n tó parí iṣẹ́ lórí ọ̀rọ̀. Mo máa ń fọwọ́ kọ ọ́ jáde, ìlà kan fún gbólóhùn kan, mo sì máa ń fi àmì ohùn sórí gbogbo sílébù, títí kan èyí tó dàbí ẹni pé kò nílò rẹ̀. Bíbélì Yorùbá ẹ̀dà àtijọ́ tí ọ̀pọ̀ ìjọ ń lò kò ní àmì ohùn tó pé, nítorí náà ẹni tó bá ti ibẹ̀ mú ẹsẹ kó má rò pé ohun tó wà lórí ìwé tó. Ẹ jẹ́ kí ẹni méjì ka ọ̀rọ̀ náà sókè, ẹ gbà á sílẹ̀ sórí fóònù, ẹ má sì sọ fún wọn pé orin lẹ fẹ́ fi ṣe. Tí wọ́n bá ti mọ̀, wọn á bẹ̀rẹ̀ sí í fa ohùn bíi ti ẹni tó ń ka lẹ́sìnnì, ìyẹn kò sì wúlò fún yín. Bí ọ̀kan nínú wọn bá jẹ́ ará Ìjẹ̀ṣà tàbí Èkìtì, tí ọ̀rọ̀ sì jẹ́ Yorùbá àjùmọ̀lò, ẹ fi etí sílẹ̀ dáadáa, ohùn lè yí díẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn, ka sílébù. Níbí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà. "N" tó dá dúró jẹ́ sílébù, ó ní ohùn tirẹ̀, ó sì gbọ́dọ̀ ní nóòtì tirẹ̀: "ó ń bọ̀" jẹ́ mẹ́ta, kì í ṣe méjì. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa ń lẹ "ń" mọ́ "ó" lórí nóòtì kan, kúáyà á wá kọ "ó bọ̀": ẹni tó ṣì ń bọ̀ lọ́nà ti dé nìyẹn. "Oore" jẹ́ mẹ́ta, "àárọ̀" jẹ́ mẹ́ta, "dáadáa" jẹ́ mẹ́rin. Ṣùgbọ́n "yìn" jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo, nítorí n ibẹ̀ kàn ń sọ fún wa pé fáwẹ́lì náà gba imú jáde ni. Kí o sì pinnu níbi tí fáwẹ́lì méjì bá ti pàdé bóyá kí o pa ọ̀kan jẹ. "Ní ilé" lórí ìwé, "nílé" ni ẹnu ń sọ. Bí o bá fún un ní nóòtì mẹ́ta nínú orin tó yára, àwọn akọrin fúnra wọn á gé e kúrú, ìlà náà á sì tú.

Ọ̀rọ̀ ohùn òkè, àárín àti ìsàlẹ̀ ti di ohun tí gbogbo wa fi dò, re, mí kọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni àwọn kan ti ń rò pé ohùn òkè gbọ́dọ̀ jẹ́ mí nígbà gbogbo. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Bí ohùn kan ṣe sún láti ibi èyí tó ṣáájú rẹ̀ ni etí ń gbọ́, kì í ṣe ibi tó wà gan-an. Ẹ jẹ́ ká mú ìlà kan: "Ẹ jẹ́ ká yin Olúwa, nítorí oore rẹ̀." Apá àkọ́kọ́ lọ báyìí: àárín, òkè, òkè, àárín, àárín, òkè, àárín. Mo lè fún un ní m s s m m s m (lẹ́tà sol-fa ni wọ́n: d, r, m, f, s, láti ìsàlẹ̀ lọ sókè). Lẹ́yìn kọ́mà: òkè, àárín, òkè, àárín, àárín, àárín, ìsàlẹ̀. Mo lè fún un ní m r m r r r d. Ẹ ó rí i pé ohùn òkè tó wà ní s lápá àkọ́kọ́ ti wá sí m lápá kejì, ibi tí ohùn àárín wà tẹ́lẹ̀. Kò ba ohunkóhun jẹ́, nítorí pé ohùn wa máa ń rọlẹ̀ bí gbólóhùn ṣe ń lọ, èémí tó wà níbi kọ́mà sì fún etí láyè láti tún ìwọ̀n rẹ̀ mú.

Níbo ló ti lè bàjẹ́? Nóòtì tó kẹ́yìn. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá fẹ́ràn bí r ṣe ń dún lẹ́yìn r, tó sì parí sí r dípò d, "oore rẹ̀" ti di "oore rẹ". Ìjọ tó ń sọ̀rọ̀ nípa Ọlọ́run ti wá kọjú sí ẹnìkan lójijì, wọ́n ń bá a sọ̀rọ̀. Nóòtì kan péré ló ṣe é. Irú àṣìṣe yìí ló léwu jù lójú tèmi. Èyí tó bá sọ ọ̀rọ̀ di wótòwótò, kúáyà á rẹ́rìn-ín, wọn á sì tún un ṣe. Èyí tó ń yí ìtumọ̀ padà sí ohun tó ṣì mọ́gbọ́n dání, ọdún mẹ́wàá lè kọjá lórí rẹ̀ láìsí ẹni tó fura.

Òfin mẹ́ta ló kù tí mo ń dì mú nídìí ìlà orin. Láti òkè sí ìsàlẹ̀, ìlà kò gbọdọ̀ gòkè. Láti ìsàlẹ̀ sí òkè, kò gbọdọ̀ sọ̀ kalẹ̀, kò tilẹ̀ gbọdọ̀ dúró sójú kan nínú ọ̀rọ̀ kan náà. Bí ohùn méjì bá dọ́gba, kí wọ́n dúró sójú kan tàbí kí wọ́n sún ẹsẹ̀ kan péré. Ní ti fífa sílébù kan lórí nóòtì púpọ̀ bíi tàwọn òyìnbó, méjì tàbí mẹ́ta ti tó, kí èyí tó bẹ̀rẹ̀ àti èyí tó parí sì wà níbi tí ohùn ọ̀rọ̀ náà fẹ́ kí wọ́n wà.

Phillips ti rí ìṣòro yìí tipẹ́. Nínú ìwé kékeré rẹ̀ lórí orin Yorùbá, tó jáde ní 1953, ó sọ̀rọ̀ nípa àwọn orin ìyìn tí wọ́n túmọ̀, tí wọ́n sì dà sínú ohùn orin Gẹ̀ẹ́sì láìwo ohùn ọ̀rọ̀. A ṣì ń kọ wọ́n. A ti mọ̀ wọ́n mọ́ra tó bẹ́ẹ̀ tí a kì í fi etí gbọ́ wọn mọ́, orí ló ń bá wa tún ọ̀rọ̀ wọn ṣe. Ẹni tó bá ń kọ orin tuntun kò ní irú àwáwí bẹ́ẹ̀.

Wàhálà orin ìyìn tún kọjá ìlà àkọ́kọ́. Kódà kí ẹsẹ kìíní bá ohùn mu régé, ẹsẹ kejì ní ọ̀rọ̀ mìíràn, ohùn rẹ̀ kò sì ní bá ti àkọ́kọ́ dọ́gba àfi bí akéwì bá mọ̀ọ́mọ̀ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ọ̀nà àbáyọ mẹ́ta ló wà. Kí ẹsẹ kọ̀ọ̀kan ní ìlà orin tirẹ̀, èyí tó ń gba àkókò, tó sì ń mú kí ìwé pọ̀. Kí akéwì kọ ẹsẹ mẹ́rin tí ohùn wọn bára mu, sílébù sí sílébù. Mo ti rí i kó ṣeé ṣe fún ìlà mẹ́rin kúkúrú, ṣùgbọ́n tó bá gùn ju bẹ́ẹ̀ lọ, ewì á bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ohun tí kò nítumọ̀. Ẹ̀kẹta ni lílé àti ègbè, ohun tí àwọn baba wa ti ń ṣe látijọ́: kí ègbè má yí padà, kó jẹ́ sílébù mẹ́fà sí mẹ́wàá, kí gbogbo kúáyà kọ ọ́, kí ẹni tó ń lé orin yí ọ̀rọ̀ padà, kó sì yí ìlà rẹ̀ padà pẹ̀lú. Ẹ̀kẹta yìí ni mo fẹ́ràn jù. Ó dín ohun tí kúáyà máa kọ́ kù sí ìdajì, ẹni kan ṣoṣo tó létí dáadáa ló sì máa ru ẹrù ohùn ọ̀rọ̀.

Apá mẹ́rin ni ibi tí ìwé Gẹ̀ẹ́sì àti ẹnu Yorùbá ti ń forí gbárí. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ti múra ìdánwò ABRSM, ìdánwò orin àwọn Gẹ̀ẹ́sì, ti kọ́ pé bí treble bá gòkè, kí bass sọ̀ kalẹ̀. Bí apá méjì bá jọ rìn ní ìwọ̀n kàrún-ún (bíi d pẹ̀lú s), ó ti pàdánù máàkì. Ẹ gbé òfin yẹn wá sórí "Olúwa". Treble ń kọ m s m, ó dára. Bass ń kọ d s d, tí s ibẹ̀ wà nísàlẹ̀ d. Ohun tí bass ń sọ ni "Olùwa". Ènìyàn mẹ́rin lẹ́yìn kúáyà ń pe orúkọ tí kò sí, wọ́n sì ń pè é sókè.

Àtúnṣe rẹ̀ kò le. Kí bass kọ d m d, kó bá treble rìn. Tàbí kó dúró sórí d d d. Ohùn tó dúró sójú kan kò purọ́. Kò sọ òtítọ́ náà, ṣùgbọ́n treble ti ń bá a sọ ọ́. Bí mo bá nílò bass tó ń rìn lódì gan-an nítorí pé orin ń lọ sí ìparí, mo máa ń gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀: kó kùn, tàbí kó di "á" mú, tàbí kí dùùrù gba iṣẹ́ náà ṣe. Ohun mìíràn tó wúlò ni kí apá má jọ sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Kí treble àti alto sọ ọ̀rọ̀ tán, kí tenor àti bass tó dáhùn, kí àwọn méjì àkọ́kọ́ sì di ohùn kan mú nígbà náà.

Rírìn pọ̀ yìí kì í ṣe ohun tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ hùmọ̀ láti fi sá fún ìṣòro. Àwọn ará Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì ti ń kọrin ní apá méjì tó jìnnà síra ní ìwọ̀n ẹ̀kẹta (bíi d pẹ̀lú m) kí ẹnikẹ́ni tó kọ́ wa ní sol-fa, nígbà tí àwọn ará Ọ̀yọ́ máa ń kọ ohùn kan náà. Etí wa ti mọ ọ́n. Ohun tí mo ń ṣe ni kí n máa kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní méjèèjì, kí n sì jẹ́ kó yé e pé iṣẹ́ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n: ti ìdánwò fún ọ̀rọ̀ tí kò ní ohùn, tiwa fún ọ̀rọ̀ tó ní in. Ẹni tó bá sọ fún ọmọ pé kó gbàgbé ti ìdánwò ń ba ọjọ́ iwájú ọmọ náà jẹ́.

Ní ti fugue, orin tí apá kan ti ń bẹ̀rẹ̀ kókó kan, tí àwọn apá yòókù á sì máa gbà á ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó gba ọ̀rọ̀ Yorùbá dé àyè kan. Bí apá kejì bá gba kókó orin náà ní ìwọ̀n kàrún-ún sókè, ìrìn ohùn kò yí, ọ̀rọ̀ ṣì yè. Bí o bá fa nóòtì gùn ní ìlọ́po méjì, ọ̀rọ̀ ṣì yè. Ṣùgbọ́n bí o bá dojú kókó náà dé, gbogbo òkè á di ìsàlẹ̀, gbogbo ìsàlẹ̀ á di òkè. Fi èyí sílẹ̀ fún dùùrù.

Èyí gbé wa dé ọ̀dọ̀ Euba, nítorí òun ló ronú jinlẹ̀ jù lórí ohun tí irinṣẹ́ lè ṣe nígbà tí ẹnu bá dákẹ́. Dùndún ló fi ṣe iṣẹ́ ìwádìí oyè ọ̀mọ̀wé rẹ̀ ní Legon, Ghana, ní 1974, òun náà ló sì fún ọ̀nà kíkọ orin píánò bíi ti ìlù ní orúkọ tí ayé fi mọ̀ ọ́n, African pianism. Nínú Scenes from Traditional Life, tó kọ fún píánò ní 1970, ó to nóòtì méjìlá bíi tàwọn ará Yúróòpù, kí ọ̀kan má padà wá kí àwọn yòókù tó dún, ó sì gbé wọn lé orí ìrìn ìlù Yorùbá. Mo mọ àwọn tí etí wọn kò gbà á. Èmi rò pé ó gbọ́n: ìtò nóòtì méjìlá kò lè tẹ̀lé ohùn ọ̀rọ̀, nítorí náà kò fi ọ̀rọ̀ kankan sí i, ìrìn ìlù nìkan ló mú. Bánkọ́lé, nínú orin Yorùbá mẹ́ta tó kọ fún ohùn àti píánò ní 1959, gba ọ̀nà mìíràn. Níbẹ̀, ọ̀rọ̀ ló wà níwájú.

Fún ẹni tó bá fẹ́ kọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ fún píánò, jẹ́ kí ọwọ́ òsì ṣe omele: nóòtì méjì tàbí mẹ́ta tó ń yí po láìyẹsẹ̀, bóyá bar (ìpín orin) mẹ́jọ gbáko. Kí ọwọ́ ọ̀tún ṣe ìyáàlù, tó ń sọ̀rọ̀ tó sì ń dákẹ́. Píánò kò lè fa ohùn bí okùn awọ ìyáàlù ṣe ń fà á, nóòtì kékeré tó yára ṣáájú nóòtì gangan ló sún mọ́ ọn jù. Fi àlàfo gidi sáàárín òkè àti ìsàlẹ̀, ìwọ̀n ẹ̀kẹrin tàbí kàrún-ún. Bí wọ́n bá sún mọ́ra jù, ẹni tó ń gbọ́ kò ní mọ̀ pé ìlù ló ń sọ̀rọ̀.

Tí ìlù gidi bá wọlé, ìṣirò yí padà. Ìyáàlù kan, gúdúgúdú kan, agogo kan àti ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ kan ti tó fún kúáyà ènìyàn 24 nínú ilé ìjọ tó ní òrùlé gíga. Bí o bá fi kẹríkẹrì àti ìsáájú kún un, kúáyà ti sọnù. Má to onílù síwájú akọrin. Ẹ̀gbẹ́ ni kí wọ́n wà, níbi tí ojú wọn ti lè bá ojú olùdarí.

Agogo ni ọkàn ohun gbogbo. Nínú ìlù méjìlá tó ń yí po, kọnkọlọ, ìró agogo tó ń tún ara rẹ̀ ṣe, ń dún ní 1, 3, 5, 6, 8, 10 àti 12. Olùdarí tó kàwé sábà máa ń rí i bí ìlù mẹ́ta tó wúwo, á wá fọwọ́ ṣe mẹ́ta, nígbà tí ẹsẹ̀ àwọn onílù wà ní 1, 4, 7 àti 10. Bẹ́ẹ̀ ni kúáyà ṣe ń pín sí méjì. Ẹsẹ̀ mẹ́rin ni kí o fọwọ́ ṣe, kí o sì jẹ́ kí kúáyà fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ kí wọ́n tó la ẹnu.

Onílù tó mọṣẹ́ kì í sábà ka nóòtì, mi ò sì rí ìdí tó fi yẹ kó kà á kí iṣẹ́ tó lọ. Fún un ní ọ̀rọ̀ tí ìlù máa sọ, iye ìgbà tí yóò yí po, àti ọ̀rọ̀ tí kúáyà ń kọ nígbà tó bá tó àkókò fún un láti wọlé. Kọ nóòtì rẹ̀ sílẹ̀ síbẹ̀, lórí ìlà mẹ́ta fún òkè, àárín àti ìsàlẹ̀, nítorí olùdarí tó máa ṣe orin náà ní Leeds tàbí Salvador lè má ní àyàn nítòsí. Ọ̀rọ̀ ojú ọjọ́ tún ń bẹ: awọ máa ń dẹ̀ lásìkò òjò, ó máa ń le lọ́yẹ́, ẹ̀rọ amúlétutù sì ń yí i padà láàárín wákàtí kan. Jẹ́ kí àwọn onílù dé ní ìṣẹ́jú 40 ṣáájú, kí awọ lè bá yàrá mu. Kí wọ́n sì gbọ́ dùùrù tàbí píánò kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Ìyáàlù lè sún mọ́ key (ibi tí dò orin náà wà), gúdúgúdú kò lè sún.

Ìwé ńkọ́? Ọ̀pọ̀ kúáyà wa ń ka sol-fa, díẹ̀ ló ń ka staff, nóòtì orí ìlà márùn-ún. Méjèèjì ni mo ń pèsè. Nínú sol-fa, ìlà gígùn ló ṣáájú ìlù tó wúwo, kólọ̀n ṣáájú èyí tó fúyẹ́, àmì ìdánudúró pín ìlù sí méjì, kọ́mà pín in sí mẹ́rin. Kọ́mà kékeré mìíràn lẹ́sẹ̀ lẹ́tà ló ń sọ pé nóòtì wà ní ìsàlẹ̀. Nígbà tí wọ́n bá ti ṣe fọ́tókọ́pì lẹ́ẹ̀mẹta, kọ́mà yẹn ti pòórá, tenor á wá fò lọ sí òkè. Nítorí náà, ẹ̀dà àkọ́kọ́ ni kí wọ́n máa dà kọ, kì í ṣe ẹ̀dà ẹ̀dà. Sol-fa kò rọrùn níbi tí orin bá ti yí key padà tàbí tí kọnkọlọ bá wà nínú ohùn. Níbẹ̀, mo máa ń pín ìlù sí mẹ́ta, mo sì ń kọ ọ̀rọ̀ tóbi sísàlẹ̀ kí ẹnu lè ran ojú lọ́wọ́.

Lórí kọ̀ǹpútà, àmì ohùn ló ń fa wàhálà jù. Lẹ́tà ẹ ní ààyè tirẹ̀ nínú Unicode, ṣùgbọ́n ẹ́ tó ní àmì lókè àti nísàlẹ̀ kò ní, méjì ni a so pọ̀. Fọ́ǹtì tí kò mọ̀ ọ́n máa gbé àmì náà lé orí lẹ́tà tó tẹ̀ lé e. Kọ́kọ́ tẹ ẹ̀, ẹ́, ọ̀, ọ́, ǹ, ń àti ṣ sínú fọ́ǹtì tí o fẹ́ lò, kí o tẹ̀ ẹ́ jáde lórí ìwé, kí o tó bẹ̀rẹ̀. Charis SIL àti Gentium kò tíì já mi kulẹ̀. Kí o sì máa tọ́jú orin ní PDF àti MusicXML (irú fáìlì tí oríṣiríṣi ètò ìkọrin lè ṣí) pẹ̀lú fáìlì ètò kọ̀ǹpútà tí o fi kọ ọ́. Nígbà tí àwọn tó ni Finale, ètò kọ̀ǹpútà fún kíkọ orin sílẹ̀, kéde ní oṣù Ògún 2024 pé àwọn ti dá a dúró, àwọn tó ní fáìlì rẹ̀ nìkan ló ń sáré.

Ìfidánrawò kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Kí kúáyà kọ́kọ́ sọ ọ̀rọ̀ náà bí ẹni ń bára wọn sọ̀rọ̀, lẹ́yìn náà kí wọ́n sọ ọ́ lórí ìlù, lẹ́yìn náà kí wọ́n kọ ọ́. Ẹ ṣọ́ gb àti p: kúáyà tó ti fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ orin máa ń pín gb sí méjì, ó wá di "gìbọ́". Kí ẹnu ti pa mọ́ ṣáájú ìlù, kí fáwẹ́lì bọ́ sórí ìlù gan-an. Ẹ má jẹ́ kí ẹ di "ei" lórí nóòtì gígùn.

Fún akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kọ́ àtikọ orin sílẹ̀, bar mẹ́jọ ni mo fi ń bẹ̀rẹ̀, ohùn kan, nóòtì mẹ́ta péré, ọ̀rọ̀ òwe kan. Kí ó fi ìlù tàbí súfèé gbé e jáde láìsí ọ̀rọ̀, kí ẹlòmíràn nínú kíláàsì sọ òwe tó jẹ́. Bí kò bá sí ẹni tó mọ̀ ọ́n, kò tíì kọjá. Lẹ́yìn náà ni nóòtì márùn-ún, lẹ́yìn náà apá méjì tó jọ rìn, lílé àti ègbè, apá mẹ́ta. Apá mẹ́rin àti dùùrù ló kẹ́yìn. Àwọn tó máa ń fẹ́ bẹ̀rẹ̀ láti oratorio, orin ìtàn gígùn fún kúáyà, pọ̀, pàápàá àwọn tó mọ píánò tẹ̀ dáadáa. Ìka wọn ti mọ ohun tí etí wọn kò tíì mọ̀, ìka náà á sì máa darí wọn lọ sínú orin ìyìn òyìnbó láì jẹ́ kí wọ́n mọ̀. Mo máa ń gba píánò lọ́wọ́ wọn fún bí ìdajì sáà.

Ó ku ti owó. Bí ìjọ tàbí ẹbí kan bá ní kí o kọ orin fún àjọ̀dún, kọ mẹ́rin sílẹ̀ kí o tó gbà: ọ̀rọ̀ wo, ìṣẹ́jú mélòó, ènìyàn mélòó ní apá kọ̀ọ̀kan, ọjọ́ wo. Gba ìdajì owó ṣáájú. Má gba ọ̀rọ̀ tí wọ́n ṣì ń ṣàtúnṣe rẹ̀, nítorí bí sílébù kan bá yí, ìlà orin yí, apá mẹ́rin yí. Fi orin sílẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ ṣáájú ọjọ́ náà fún kúáyà tó ń pàdé lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ bá jẹ́ ti akéwì tó ṣì wà láàyè tàbí tí kò tíì pé 70 ọdún tó kú, òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́-ọnà ti 2022 dè ọ́, gba ìyọ̀ǹda nínú ìwé. Sọ ọ́ yékéyéké pé ẹ̀tọ́ kíkọ orin náà lọ́jọ́ àjọ̀dún ni wọ́n rà, orin fúnra rẹ̀ ṣì jẹ́ tìrẹ. Lẹ́yìn ìsìn, kí o tó bọ́ aṣọ kúáyà, ka ìwé orin padà: 24 ló jáde, 24 ni kó wọlé, kí o sì fi tìrẹ mọ́ wọn sínú fáìlì kan náà pẹ̀lú ìwé tí àwọn onílù lò.